Kí Ni Orúkọ Ibí Yìí? Ọjọ́ Kan Láti Calgary Dé Lake Louise

Gbogbo Yorùbá tó ń gbé Calgary ló mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá ti dé láti ilé, tó sùn, tó jí, tó jẹun tán, ìbéèrè tó kàn ni pé, "Àwọn òkè yẹn dà?" Ẹ ó kó gbogbo ilé sínú mọ́tò, ẹ ó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, ó parí. Ọ̀nà náà ò le. Highway 1 ni, láti Calgary dé Banff sì tó nǹkan bíi 130 kìlómítà, ìyẹn bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa sáré tẹ̀ lé mọ́tò yín láti ta búrẹ́dì fún yín, torí náà, ẹ gbé oúnjẹ dání.

Àlejò tèmi dé ní ìparí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, nígbà tí ewé ń pọ́n, tí òtútù ò sì tíì gbóná jù. Ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì ni. Yàrá kan náà la jọ gbé ní Mọremí Hall ní Ifẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní Àǹtí Ifẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Iléṣà ni. Tíṣà Jọ́gíráfì ni nílé, kò sì sí ibi tó lè dé kó má béèrè orúkọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó tó dé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ òun mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, torí tiẹ̀ ni, àmọ́ Ayọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí wọ́n bá ti kan òun, wọ́n á dúró, gbogbo kíláàsì á wá yíjú wo òun. AJ lòun fẹ́ báyìí: A láti ara orúkọ òun, J láti ara orúkọ ìdílé wa. Bàbá rẹ̀ ní kò jọ ọ́. Èmi ní ká fara balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní ká fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí àlejò fi wọlé.

Nígbà tó gbọ́, ó wo ọmọ náà, ó ní, "AJ? Ṣé orúkọ ni àbí nọ́ńbà mọ́tò?" Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan mọ́.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la gbéra. A ò tíì kúrò nígboro tó fi bẹ̀rẹ̀: "Calgary yìí, kí ló túmọ̀ sí?" Mo ní àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ló kọ́ odi síbí ní 1875, orúkọ ibì kan ní erékùṣù Mull ní Scotland ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ó ní, "Àwọn tó ti ń gbé ibí kí wọ́n tó dé ńkọ́? Àbí wọn ò ní ẹnu láti fi pè é ni?"

Ọmọbìnrin mi ló dáhùn látẹ̀yìn, torí wọ́n kọ́ ọ níléèwé. Àwọn Blackfoot ń pe ibẹ̀ ní Mohkinstsis. Ìgbọ̀nwọ́ ló túmọ̀ sí, nítorí bí odò ṣe ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tí Elbow ti wọnú odò Bow. Ọ̀rẹ́ mi lu ọwọ́ pọ̀: "Ẹ ò rí i! Bí a ṣe ń sọ ìlú lórúkọ náà nìyẹn. Abẹ́ òkúta ni Abẹ́òkúta. Ẹ̀bá ọ̀dàn ni Ìbàdàn. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Ọmọkùnrin mi bi í pé kí ni ọ̀dàn. Ó nawọ́ sí pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní, "Irú ibí yìí gan-an." Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí ti gbọ́ Ìbàdàn láti kékeré, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

Kò pẹ́ tí a fi wọ ilẹ̀ àwọn Stoney Nakoda. Morley ni wọ́n ń pe ìlú wọn fún ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ Mînî Thnî ni orúkọ tí wọ́n fúnra wọn ń pè é, òun ni wọ́n sì ti mú padà báyìí. Omi tútù ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Omi Tútù!" ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ó wá ku ká rí Omi Gbígbóná."

Ní Canmore, a dúró na ẹsẹ̀, a jẹ mọ́ínmọ́ín nínú mọ́tò. Òkè mẹ́ta kan tò tẹ̀ léra wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Three Sisters. Òkè mìíràn wà nítòsí wọn, Ha Ling Peak lorúkọ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ha Ling jẹ́ ọmọ Ṣáínà, agbọ́únjẹ ni. Ní 1896, wọ́n bá a ta tẹ́tẹ́ 50 dọ́là pé kò lè gun òkè náà kó sì padà láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ó gùn ún, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọn ò gbà á gbọ́. Ló bá tún padà gùn ún, ó sì ri àsíá mọ́ orí òkè kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n wá fi òkè náà sọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni wọ́n lò. Orúkọ èébú tí òyìnbó fi ń pe ọmọ Ṣáínà ni wọ́n kọ sínú máàpù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1997 ni wọ́n tó yí i padà sí Ha Ling.

Ọmọkùnrin mi ronú díẹ̀, ó ní, "Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọn ò lò ó?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn kíákíá. Ọ̀rẹ́ mi ló wá sọ pé, "Nígbà míì, ẹni tí kò fẹ́ mọ èèyàn náà ni kì í fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa pè é wà lọ́tọ̀. Máa fi ìyàtọ̀ sí àwọn méjèèjì."

Lẹ́yìn Canmore lẹ ó dé ẹnu ibodè Banff National Park. Ẹ rí i pé ẹ ti ní ìwé àṣẹ ìwọlé. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa wo òkè, torí ẹ ó máa gba abẹ́ afárá tí koríko àti igi hù sí lórí. Kì í ṣe èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Béárì, ìkookò àti àgbọ̀nrín ló ń gba ibẹ̀ kọjá kí mọ́tò má bàa pa wọ́n. Tí ẹ bá ka afárá wọ̀nyí pọ̀ mọ́ àwọn ihò abẹ́ títì, ó ju 40 lọ.

Nílùú Banff, a yà sí Cave and Basin. Ní 1883, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta rí ihò kan tí omi gbígbóná ń sun nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Ní 1885, ìjọba ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Kánádà ti bẹ̀rẹ̀. Omi náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àwọn ọmọ fọwọ́ di imú. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ fún wọn nípa Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì tẹ́lẹ̀, wọ́n jà, wọ́n sì di odò. Ọmọbìnrin mi ní, "Àwọn méjèèjì wá jọ ń gbé pọ̀ títí láé? Ìyà nìyẹn o." A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi tí a gbé mọ́tò sí.

Láti Banff sí Lake Louise kò tó wákàtí kan. Ẹ fetí sí mi lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí o: ó máa ń kún kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí náà, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Parks Canada lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti Moraine Lake tó wà nítòsí, láti 2023 ni wọn ò ti jẹ́ kí mọ́tò aládàáni gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Omi Lake Louise kì í ṣe búlúù lásán. Yìnyín ńlá tó wà lórí òkè ń lọ àpáta bí ọlọ ṣe ń lọ ata, àpáta á kúnná bí èlùbọ́, èlùbọ́ yẹn á bá omi wá sínú adágún. Bí oòrùn bá tàn sí i, á dà bí ìgbà tí wọ́n bu omi la aró. Ọmọ Ọbabìnrin Victoria tó ń jẹ́ Louise Caroline Alberta ni wọ́n fi sọ adágún náà. Alberta tí a ń gbé yìí, òun náà ni. "Obìnrin kan ṣoṣo?" ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ó ní adágún, ó tún ní ìpínlẹ̀?" Àwọn Stoney Nakoda ń pè é ní Adágún Ẹja Kéékèèké.

Etí omi níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti pe ọmọkùnrin mi jókòó. Ó ní, "Àjàní." Ọmọ dáhùn, torí bí ìyá mi ṣe máa ń kí i lórí fóònù nìyẹn. "Ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí?" Kò mọ̀. Ó ní, "Ẹni tí a jà kí a tó ní." Ó wojú mi, mo mi orí fún un, ó wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ fún un pé ọdún méje ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní oyún méjì bàjẹ́ lára mọ́mì rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àti pé alaalẹ́ lòun máa ń pè mí láti Nàìjíríà, tí a ó jọ gbàdúrà, tí a ó jọ sunkún. Nígbà tí wọ́n bí i, ìyá mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àjàní ló pè é.

Ọmọ mi ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sómi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, A-J ló bẹ̀rẹ̀ Àjàní." Ọ̀rẹ́ mi ní, "Mo ti rí i látàárọ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ohun gbogbo yí padà lọ́jọ́ kejì. AJ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é níléèwé báyìí. Àmọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bi í lójú mi pé kí ni AJ dúró fún, ó ní, "Àjàní. It means they fought for me." Bàbá rẹ̀ tó ní kò jọ ọ́ ló kọ́kọ́ gbà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ṣì wà nínú ìwé rẹ̀, kò sì béèrè pé ká yọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bí ọmọ sókè òkun, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ já geere lẹ́nu yín, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé dandan ni kí ẹ gbọ́ èdè tán kí ẹ tó lè ṣe irú èyí. Ìbéèrè kan péré ni: kí ni orúkọ ibí yìí, kí ló sì túmọ̀ sí? Bí Banff bá jìn jù fún yín, Union Cemetery wà láàárín Calgary. Ibẹ̀ ni wọ́n sin John Ware sí, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Amẹ́ríkà, tó da màlúù wá sí Alberta ní 1882, tó sì di ẹni tó ní ilẹ̀ àti agbo ẹran tirẹ̀ kó tó kú ní 1905. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ sókè.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ìyá yín tàbí bàbá yín lórí fóònù, ẹ béèrè oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a jọ kẹ́ ni Àjọkẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́ ni Àbẹ̀kẹ́. Bí wọn ò bá tíì sọ ọmọ yín ní oríkì, ẹ ní kí wọ́n fún un ní ọ̀kan, ẹ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi mú ìyẹn. Wákàtí méjì ni láti Calgary dé Lake Louise. Ìtàn náà á tó yín sọ dé ibẹ̀.