Abẹ̀bẹ̀ Tó Dúró Lójú Ọ̀run

Ọ̀nà tó yá jù láti ba àwòrán ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ jẹ́ ni kí ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àwàdà létí ẹni tó ń fi fóònù ya àwòrán níbi ìsọmọlórúkọ, nítorí kò sẹ́ni tí í bínú sí àwòrán tó mọ́. Ti ọkọ̀ òfuurufú tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú yàtọ̀. Bí ojú kámẹ́rà bá là tó sì padé kíákíá jù, ohun gbogbo ni yóò dúró: ọkọ̀ á dúró, ìkúùkù á dúró, abẹ̀bẹ̀ pàápàá á dúró gbọnrangandan bí ọ̀pá àsíá. Ẹni tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n fi okùn so rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ń lo òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fò àwọn ọkọ̀ òfuurufú ayé àtijọ́ fún òǹwòran. Ìyá rẹ̀, tí kò di kámẹ́rà mú rí láyé rẹ̀, ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ó fi àwòrán Spitfire kan ránṣẹ́ sí ìyá náà ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí WhatsApp, àwòrán tí ó fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí èèyàn lè ka gbogbo ìṣó ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá fi pè é.

“Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ yìí ò mà yí o. Ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀?”

“Ó ń yí, Màámi. Kámẹ́rà ló yára ju abẹ̀bẹ̀ lọ.”

“Kí ló wá dé tí o ò jẹ́ kí n rí i bó ṣe ń yí?”

Ọmọ kò rí èsì fọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ́ńjìnnì Merlin inú Spitfire lè máa yí ní bí ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń ṣeré lókè, ṣùgbọ́n jíà tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ dín eré náà kù sí bí ìdajì. Èyí já sí pé abẹ̀bẹ̀ ń yí ní bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ojú kámẹ́rà bá là fún ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, abẹ̀bẹ̀ kò tíì rìn ju nǹkan bí ìdá kan nínú 60 àyíká rẹ̀ lọ. Bí ó bá là fún ìdá kan nínú 100, ó ti rin ìdá kan nínú mẹ́fà, àwẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì tàn káàkiri bí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú èéfín kọjá. Nígbà náà ni àwòrán á mí.

Àmọ́ ohun tó fún abẹ̀bẹ̀ láyè láti yí náà ló fún ọkọ̀ láyè láti sá. Ọkọ̀ tó ń sáré 400 kìlómítà ní wákàtí kan á ti lọ ju mítà kan lọ láàárín ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ayàwòrán kò bá bá a yí ní ìwọ̀n eré kan náà, ọkọ̀ àti abẹ̀bẹ̀ á jọ di ìrì lójú kámẹ́rà. Nítorí náà ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi ń gbin ẹsẹ̀ wọn sí ọ̀kánkán ibi tí ọkọ̀ yóò ti súnmọ́ wọn jù, tí wọ́n á wá fi ìbàdí yí lọ pàdé rẹ̀ ní òkèèrè, tí wọ́n á sì máa bá a bọ̀. Ìbàdí ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe apá. Ẹni tó bá ti jó bàtà rí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí mẹ́wàá bá dára nínú 100, ayàwòrán ti jẹun ọjọ́ náà yó.

Pápá kọ̀ọ̀kan ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Duxford, ní agbègbè Cambridgeshire, níbi tí Imperial War Museum ń kó ọkọ̀ òfuurufú sí, ìhà gúúsù ni àwọn òǹwòran ń kọjú sí, oòrùn á sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí èèyàn kò bá fi kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà, òjìji dúdú ni yóò gbé lọ sílé. Old Warden ní agbègbè Bedfordshire ni ọmọ Ìjẹ̀bú yìí fẹ́ràn jù. Pápá koríko ni, ìlà ibi tí òǹwòran ń dúró sí sì ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń yí po, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi han èèyàn. Bí èyí tó lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní bá kọjá, òórùn òróró làrà á tẹ̀lé e, nítorí òróró náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, ó sì ń tu ú dànù bó ṣe ń lọ. Kámẹ́rà kò lè gbé òórùn. Ó dunni.

Níbẹ̀ náà ni Blériot XI ti ọdún 1909 wà, irú èyí tí Louis Blériot gbé la òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ní July 25 ọdún kan náà. Ó ṣì ń fò. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ tí ewé kò mì nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde, kò sì ní ju pé kó kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kó lọ tààrà lórí pápá, kó tún balẹ̀. Àwọn kan ti dúró fún wákàtí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ kò gbà, wọ́n sì padà sílé.

Richard Shuttleworth ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí jọ. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa á lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1940. Èèyàn lè rò pé ìyá tó bí i, Dorothy, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó bá ní ìyẹ́. Òun gan-an ló dá àjọ tó ń tọ́jú wọn sílẹ̀ ní 1944, ní ìrántí ọmọ rẹ̀.

Wọ́n máa ń bi ọmọ Ìjẹ̀bú náà pé kí ló kan Yorùbá nínú ọkọ̀ ogun òyìnbó. Orúkọ kan ló fi ń dáhùn: Akin Shenbanjo. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ 76 Squadron ti ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Halifax ni ọkọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ ju bọ́ǹbù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà kọ “Achtung! The Black Prince” sára rẹ̀ ní ọlá rẹ̀, bí ẹni ń kìlọ̀ fún Jámánì pé ọmọ aládé dúdú ń bọ̀. Halifax tí wọ́n ṣe lé ní 6,000. Lónìí, kò sí ẹyọ kan tó ń fò. Èyí tó wà ní Elvington, ní Yorkshire, àkójọ ni. Wọ́n ti sọ apá kan lára rẹ̀ di ilé adìẹ kí wọ́n tó rí i. Kò sí eré kámẹ́rà tó lè mú kí abẹ̀bẹ̀ ìyẹn yí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fò wọ́n tàbí kí wọ́n gbé wọn sílé fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo àwọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní August 22, 2015, Hawker Hunter kan já lulẹ̀ ní Shoreham sórí ọ̀nà mọ́tò, ó sì pa èèyàn 11. Àwọn tó kú kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ní November 12, 2022, ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn lókè Dallas ní Amẹ́ríkà, èèyàn mẹ́fà ló kú. Lẹ́yìn ti Shoreham, òfin le sí i lórí ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe lókè ilẹ̀ tí èèyàn wà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣèwádìí tọrọ àwòrán lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Àwòrán tí ẹnì kan yà fún ìgbádùn ara rẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ń wọn gíga àti eré ọkọ̀ tó pa èèyàn.

Ní pápá kékeré kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí èrò kò pọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ń ya Tiger Moth, ọkọ̀ alápá méjì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú láti àwọn ọdún 1930. Ìdá kan nínú 125 ló yàn. Ọkọ̀ náà ń gòkè lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́. Àwọn òǹwòran náà dákẹ́. Awakọ̀ tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ kí eré má bàa tán nínú apá rẹ̀, ó wò síwájú, ó sì gbé e balẹ̀ sínú oko ọkà bálì tí wọ́n ti kórè, lódì kejì ọgbà. Ó jáde, ó ṣí akoto rẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ sókè. Obìnrin kan bú sẹ́kún.

Ní alẹ́ ni ayàwòrán ṣí kámẹ́rà, tó bá àwòrán 41 níbẹ̀, tí kò sì rántí pé òun tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, abẹ̀bẹ̀ jẹ́ ìrì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́. Láti ìkẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀. Nígbà tó di ìkẹtàdínlógún, àwẹ́ méjèèjì ti yọ gedegbe, igi tí wọ́n fi gbẹ́ wọn sì hàn. Eré kámẹ́rà kò yí padà. Abẹ̀bẹ̀ ló dúró.

Àwọn tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe gbọ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan, pẹ̀lú aago tó wà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìka ka bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń rọ̀ láti àwòrán dé àwòrán, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ńṣe ni ẹ́ńjìnnì há tàbí ńṣe ni epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó jọ pé epo ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà tún fò. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ìdá kan nínú 100 ló yàn lọ́tẹ̀ yìí, ó ya bí 60, mẹ́rin péré ló sì dára. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé.