Ẹnì Kan Fi Lélẹ̀, Gbogbo Wọn San

Ní alẹ́ Sátidé kan, nínú ilé kan ní Samandin, ìlú Ouagadougou, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà jókòó ti póká. Kí wọ́n tó pín káàdì, ẹnì kan á fi sẹ́fà 25 lélẹ̀, ẹnì kejì á fi 50. Dandan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni kẹta lè fi 100 lélẹ̀ láì tíì rí káàdì rẹ̀, bó bá wù ú. Straddle ni wọ́n ń pè é.

“Kò pọn dandan o,” ni baálé ilé wí.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi, ẹni tó fi í lélẹ̀ ni kò pọn dandan fún. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa bá ayò náà lọ gbọ́dọ̀ san 100, dípò 50. Sẹ́fà 10,000 tí baálé ilé mú jókòó jẹ́ ìlọ́po 200 tẹ́lẹ̀. Ó di ìlọ́po 100 péré. Owó ọjà ọ̀sẹ̀ náà sì ni.

Wọ́n fẹnu kò: bí gbogbo wọn kò bá gbà á kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ wáyé. Àlejò tí gbogbo ilé máa bọ́, ẹnì kan kì í dá a pè.