Àwo Ìyá Àgbà Lára Ògiri Ìdáná

Èmi ni mo fọ́ àwo Ìyá Àgbà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti wá sílé wa ní Ìrémọ, tí wọ́n sì ti rí ògiri ilé ìdáná wa, ń sọ kiri ọgbà pé mo ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀bi ló sọ mí di oníṣẹ́ ọnà.

Ọdún 2022 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì nígbà náà ò ní gbàgbé láé. ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn kan nínú wa kọ́ aṣọ rírán, àwọn kan ń ta dátà, àwọn kan tilẹ̀ ṣègbéyàwó. Owó ilé tèmi ti fẹ́ẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tá a máa wọlé, ni mo bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àgbà ti ń dáná láti ìgbà tí wọ́n ti délé ọkọ. Ní ìparí ọdún 2021 ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́ ilé ìdáná tuntun mọ́ ilé fún wọn. Ó ra gáàsì, ó ṣe síláàbù, ó sì kun ògiri ní ọ̀dà funfun. Ọ̀dà funfun, nílé ẹni tó ń dín àkàrà ní àràárọ̀ Sátidé! Kó tó di oṣù Kẹrin, ògiri tó wà lẹ́yìn gáàsì ti dà bí máàpù: epo pupa níhìn-ín, omi ata lọ́hùn-ún, dúdú èéfín lókè. Tá a bá fi ọṣẹ àti kànrìnkàn nù ún, ọ̀dà ló máa bá kànrìnkàn lọ, epo á dúró síbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa, ó wo ògiri náà, kò sọ nǹkan kan, ó kàn pe ẹni tó ń lẹ táìsì. Onítọ̀hún fi tépù wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ò fẹ̀ ju mítà méjì lọ, gíga rẹ̀ ò sì tó mítà kan. Ó ní ₦48,000, táìsì àti iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ká ṣì máa nù ún ná.

Èmi náà wá ní kí n ṣe ilé lóore. Mo wo fídíò kan lórí YouTube, mo yá òòlù ládùúgbò, mo kan pẹpẹ mọ́ ògiri ìdáná kí igò epo àti agolo iyọ̀ lè kúrò lórí síláàbù. Ó dúró dáadáa. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé wọ́n ní kí n lọ kó àwo tánńganran wọn jáde nínú àpótí, kí n tò ó síbẹ̀ kí àwọn lè máa rí i. Àwo mẹ́rìnlá ni. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ni ìyá wọn kó fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ra ìyókù, bí wọ́n bá ta kòkó tàbí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹnì kan ò jẹun nínú rẹ̀ rí. Àwo wíwò ni.

Ìṣó tí mo kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù náà ò wọlé tó. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a gbọ́ ariwo. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù.

Wọn ò bú mi. Wọ́n gbá àfọ́kù náà jọ fúnra wọn, wọ́n kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́dà kan, wọ́n fi àkísà bò ó, wọ́n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ní kí n bá wọn dà á nù, wọ́n ní rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí ní Àjíkẹ́ mọ́. Orúkọ tó wà lórí ìwé JAMB mi ni wọ́n fi ń pè mí, bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹni tí wọ́n bá fi oríkì tọ́ dàgbà á mọ ohun tí mò ń sọ. Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń rìn yẹ́ẹ́ yẹ́ẹ́ nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ kan mo jẹ́ iṣẹ́ kan dé Ẹnuwá, mo gba iwájú mùsíọ́ọ̀mù kọjá, mo sì rántí ìgbà tí wọ́n kó wa wá síbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú wa ń ya fọ́tò níwájú àwọn ère lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ alápáàdì ló wọ̀ mí lára. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, àfọ́kù ìkòkò ni àwọn ará Ifẹ̀ fi ń tẹ́ àgbàlá, ojúbọ àti ojú ọ̀nà wọn. Frank Willett bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé ní Ìta Yemòó nígbà tó walẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣèèṣì hú àwọn ère idẹ jáde ní 1957. Peter Garlake náà rí i ní ilẹ̀ Ọbalára ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òkúta funfun ni wọ́n sì tò mọ́ àpáàdì níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo ń rò bí mo ṣe ń rìn lọ ni pé, ta ló fọ́ gbogbo ìkòkò yẹn? Ìlú odindi! Ó dájú pé ọmọ-ọmọ kan á wà nínú wọn tí ìyá àgbà rẹ̀ ò fi oríkì pè fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi àwo yín ṣe ògiri ẹ̀yìn gáàsì." Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n wá ní, "Àpáàdì ló tó kojú iná." Mi ò mọ̀ bóyá ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

Ìṣòro kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àwo kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ máa ń ká sókè. Àfọ́kù ńlá ò lè lẹ̀ mọ́ ògiri, àfi kéèyàn tún fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé mo tún fẹ́ fọ́ àwo wọn lẹ́ẹ̀kejì? Mo ṣáà sọ ọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ògbólógbòó ìró wé àfọ́kù kan, wọ́n gbé e ka orí ọlọ, wọ́n sì lù ú. Ó ró *pàà*. Wọ́n tú u wò, wọ́n tún wé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó ní òdòdó búlúù, ọdún tí wọ́n bí bàbá mi ni wọ́n rà á. Èyí tó ní ẹyẹ, ìyàwó kejì bàbá wọn ló fún wọn, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ìyẹn ni wọ́n lù kíkankíkan jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Àfọ́kù tánńganran mú ju abẹ lọ. Àtàǹpàkò mi ṣì ní àpá.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ́kọ́ kùnà. Mo po sìmẹ́ńtì, mo lẹ àfọ́kù bí ogún mọ́ ojú ọ̀dà, mo lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí síláàbù, wọ́n sùn síbẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́yìn wọn. Bíríkìlà àdúgbò wa tó wá ra àkàrà ló rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní sìmẹ́ńtì kì í di ọ̀dà mú, ògiri gangan ló ń dì mú. Ó ní kí n ha ọ̀dà náà kúrò, kí n fi ìṣó ńlá àti òòlù ṣá ògiri lọ́gbẹ́ káàkiri, kí n fi omi wọ́n ọn dáadáa kí n tó fi nǹkan kan kàn án. Agolo yanrìn mẹ́ta sí agolo sìmẹ́ńtì kan. Kí omi rẹ̀ má pọ̀, kó dúró lórí ṣíbí láìṣàn. Kí n sì máa lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè gbé ti òkè ró. Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ìbá san owó kọ́ṣẹ́ lé lórí nìyẹn, àkàrà ₦200 ni mo fi gbà á.

Àwo mọ́kànlá ò tó, dájúdájú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Lágere, mo bẹ àwọn tó ń ta táìsì fún èyí tó ti fọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n kó o lọ, ẹrù ilẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Nǹkan tí mo ná nìyí: sìmẹ́ńtì dúdú tá a wọ̀n, ₦800, sìmẹ́ńtì funfun tí mo fi dí àárín wọn, ₦1,400, ìbọ̀wọ́, ₦500, ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀, ₦400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,100. Yanrìn, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bù ú.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. A gbé sílíńdà gáàsì jáde, a padà sídìí ààrò ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kàn ń wòran ni. Ìran wíwò wo? Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti ń fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí pupa pọ̀ jù. Nígbà tí mo dé igun tí ògiri ti pàdé síláàbù, tí mo sì fẹ́ tẹ́ àfọ́kù sùn síbẹ̀ bíi ti òkè, wọ́n lọgun: "Àjíkẹ́! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Gbé e dúró!"

Àpáàdì ìkòkò ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, kó dúró lórí etí rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ alápáàdì máa ń yọ lójú ọ̀nà, àwọn sì máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí etí rẹ̀. Ìlà kan dà sọ́tùn-ún, ìlà kejì dà sósì, bí eegun ẹja. Èyí tó bá sùn sílẹ̀ máa ń sán bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, omi sì máa ń wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tó dúró dà bí eyín nínú èrìgì. Ibi tí omi àti epo ń ṣàn jọ sí nìyẹn, ibi tí a ń ti ìkòkò gbígbóná sí. Wọ́n ní kí n lọ wá ìkòkò àmù tó ti fọ́ lẹ́yìn balùwẹ̀, kí n sì rì í sómi di ọjọ́ kejì, torí bí àpáàdì bá gbẹ, á fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, sìmẹ́ńtì náà ò sì ní lágbára. Ibo ni wọ́n ti mọ ìyẹn? Wọn ò rí mùsíọ́ọ̀mù rí láyé wọn.

Ó tó ìgbà tí mo ń fọ ọwọ́ kí n tó rántí orúkọ tí wọ́n fi pè mí.

Lẹ́yìn tá a parí ni mo wá ń ka nǹkan lórí fóònù, tí mo sì rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ló ń ṣe é. Àwọn ará Nubia, láàárín Íjíbítì àti Sudan, máa ń ri odindi àwo tánńganran mọ́ iwájú ilé wọn. Ní Los Angeles, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Simon Rodia fi àfọ́kù àwo, táìsì àti igò kọ́ ilé ìṣọ́ gíga sínú àgbàlá rẹ̀ láti 1921 títí di 1954, òun nìkan. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ṣé kò ní ìyàwó ni.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ní àléébù. Sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín àwọn tó sún mọ́ iná jù ti pọ́n, epo ti wọ̀ ọ́, ọṣẹ ò sì lè yọ ọ́ mọ́. Lápá òsì, níbi tí ọwọ́ mi ti ń yá jù, ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Òdòdó kan sì dorí kodò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó pẹ́ nígbà tó dé. Ó fi ìka kan òdòdó búlúù yẹn, ó ní, "Àbí àwo tí Màámi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn kọ́ nìyí?" Ó sì lọ jókòó ní pálọ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àfọ́kù méjì já bọ́ lókè. Mo pè láti ọgbà, mo ní kí wọ́n fi pa mọ́ dè mí, màá wá lẹ̀ ẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ó ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìyókù tá ò lò. Wọ́n ní kí n ra ìbọ̀wọ́ tuntun bọ̀, àti pé ìyá kan ní òdìkejì ọ̀nà ti kó àfọ́kù tirẹ̀ wá, ó ń bi wọ́n léèrè iye tí ọmọ-ọmọ wọn máa gbà.