Ilé-Iṣẹ́ Kú, Ta Ni A Ó Bá Sọ̀rọ̀ Owó?

Ní ìlú wa Ìgbájọ, bí wọ́n bá gbé òkú Mùsùlùmí kalẹ̀ tí a fẹ́ kírun sí i lára, ọ̀rọ̀ kan wà tí Lèmọ́mù máa ń kọ́kọ́ sọ: bí olóògbé yìí bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí onítọ̀hún wá rí àwọn ọmọ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò kà á sí. Ìgbà tí èmi fúnra mi di ẹni tí òkú jẹ lówó ni mo tó mọ bí ó ti wúwo tó. Òkú tí mo ń wí kì í ṣe ènìyàn o. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú pé n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ wà láyé, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó rú jáde ní Ìkẹjà lẹ́yìn tí ìjọba gbà kí àwọn aládàáni máa fi báálù kó èrò. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka tiwa.

Ní 1996 ni owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Oṣù kan di méjì, méjì di márùn-ún. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1997, oṣù mọ́kànlá ni wọ́n jẹ wá. A kò daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ báálù yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í pa owó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni owó ibi tí a gbé e sí ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Bí a bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwa la ó pa á. Bí a kò bá sì dá a sílẹ̀, òógùn wa ni a fi ń yá ọ̀gá wa lówó láìkọ ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè wá. Àwa márùn-ún ni a lọ. Lọ́yà kan jókòó tì í. Wọ́n ní àwọn yóò san oṣù mẹ́rin nínú mọ́kànlá fún wa lójú ẹsẹ̀, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ohunkóhun í bèèrè mọ́. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ bá àwọn ènìyàn wa sọ ọ́. Nígbà tí a pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ẹ̀yìn ilé ọkọ̀, alága wa, àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní òun rò pé kí a gbà á. Èmi ni mo dìde. Mo ní a kì í fi mẹ́rin pe mọ́kànlá. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa, owó ń bẹ níbẹ̀, nítorí ojú mi ni ẹrù titun ṣe ń wọ sítọ́ọ̀ lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn sí àtẹ́wọ́ náà, kí n má purọ́. A kọ owó oṣù mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, báńkì ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n yan ọkùnrin kan tí yóò ta dúkìá ilé-iṣẹ́, tí yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì ṣí ìwé fún wa. Ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ gàdàgbà sí lára, wọ́n háyà wọn láti òkè òkun ni, àwọn tó ni wọ́n sì ti ń bọ̀ wá gbé wọn. Ẹrù inú sítọ́ọ̀ mi, èyí tí mo ń kà ní àràárọ̀ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, wọ́n ti fi dógò lọ́dọ̀ báńkì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn lọ sí ilé ọlọ́rọ̀ tó kú láti gba owó rẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé agbádá tí a fi ń mọ olóògbé lóde, yíyá ni. Òfin ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1990 fi owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ ṣáájú ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà ní ògò ti jáde kúrò nínú ohun tí a ó pín. Àga, tábìlì, fáànù, àti katakata kan tí ń fa ọkọ̀ ló kù. Nígbà tí wọ́n tà wọ́n tán, owó ọ̀sẹ̀ méjì ló kan olúkúlùkù wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ báálù tó bá wọko gbèsè, níbikíbi tó bá wà. Ti Nigeria Airways ni gbogbo ilẹ̀ yìí mọ̀. Ní 1958 ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ WAAC, ó di Nigeria Airways ní 1971. Erin tó ní ìyẹ́ ni àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn Àlhájì àgbà ilẹ̀ Yorùbá, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀ dé Jẹ́dà. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín, ìjọba àpapọ̀ náà ni ó sì pa á dé ní 2003, nígbà Olóyè Ọbásanjọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ṣaláì sí níbẹ̀: NUATE wà, ATSSSAN ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà wà, NAAPE ti àwọn awakọ̀ òfuurufú àti àwọn ẹnjiníà náà wà. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò ká ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò bá sọ̀rọ̀? Ọ̀gá àgbà ti lọ. Mínísítà kan á dé, á gbọ́ ẹjọ́, á ṣèlérí, wọn á gbé e kúrò, òmíràn á dé, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni idà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni ẹni tí kò níṣẹ́ mọ́ yóò dá sílẹ̀?

Ó di 2018, nígbà Ààrẹ Buhari, kí wọ́n tó pe wọ́n sí Èkó, Kano àti Enugu láti wá fi ojú ara wọn hàn. Nǹkan bí bílíọ̀nù 45 náírà ni wọ́n ṣírò pé ó tọ́ sí wọn. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ọdún márùndínlógún. Ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn opó àti ọmọ ló tò sórí ìlà dípò wọn. Nínú ẹ̀sìn wa, gbèsè ni a ń san kí a tó pín ogún. Gbèsè tiwọn ni ó wá di ogún.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó bá wọko gbèsè kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè sá wọ ilé-ẹjọ́ bí aláìsàn ti ń wọ ọsibítù. Continental Airlines ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù September 1983. Bí ó ti wọlé tán, ó ya ìwé àdéhùn tó bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, ó ní ẹni tó bá ṣì ń fẹ́ iṣẹ́ kó wá gba nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin wọn fi ṣe òfin ní 1984 pé kí ilé-iṣẹ́ tó lè bẹ adájọ́ pé kó bá òun tú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì fi ìṣirò owó rẹ̀ hàn wọ́n. N kò sọ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í pàdánù. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ gbà kí United Airlines já ẹrù owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé àjọ ìjọba kan lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì gba ohun tó kéré sí èyí tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ká ní mo rí ìwé kí n tó dìde sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ẹrù tí mo ń kà kì í ṣe tiwa. N kò bèèrè. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé mo lè bèèrè, ṣùgbọ́n n kò bèèrè náà.

Mo kó wálé ní 1998. Ìlú wa mọ̀ nípa ìdúnàádúrà ju bí ọmọ ìsinsìnyí ti rò lọ. Ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín ni Ìbàdàn pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjí, tí Èkìtìparapọ̀ dojú kọ wọ́n láti ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà tí wọ́n sì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, pé ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó kúrò. Àwọn alágbára méjì ló ń dúnàádúrà, àwa ni wọ́n ń pín. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá rántí ọ́fíìsì ọkùnrin tó ṣí ìwé fún wa yẹn.

Ẹnìkan wà tí a jọ padà wá sí Ìgbájọ. Òun ló ń wa katakata tí wọ́n tà yẹn. Ó jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, Akọ̀wé ni òun ń pè mí títí di òní. Láti 1998 ni a ti jọ ń kí ìrun Jímọ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. Nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀ owó Nigeria Airways ní 2018, a jókòó sí iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ká ní a gba oṣù mẹ́rin yẹn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi àgbà ì bá lọ sí Poli Ìrèé lọ́dún náà. Mo ti ṣírò rẹ̀: oṣù mẹ́ta ló máa gbé e wọlé, ọ̀kan á kù fún oúnjẹ." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n èmi náà pàtẹ́wọ́, Akọ̀wé. O ò rí mi ni?"

Ó bi mí bóyá ìwé orúkọ wa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e mo mú un wá, a fi bírò sàmì sí àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ti kú. Nígbà tí mo sàmì sí orúkọ alága wa, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kò tíì gbọ́. Mo ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, Òṣogbo ni wọ́n sin ín sí.