Ewé Tí Barter Já, Orúkọ Tí Ó Fi Sílẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan láàárín àwọn Yorùbá; ó kan igi, ewé àti ìtàkùn pẹ̀lú, nítorí pé ìwà ewé, ibi tí ó ń hù sí àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n sábà máa ń wò kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1837 títí di ọdún 1901, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé ilẹ̀ Áfíríkà ni a gbé lọ sókè òkun, tí a sì tún wọn sọ lórúkọ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ tán. Ìtàn Charles Barter wà lára èyí tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè mọ̀, nítorí pé ẹ̀bá Odò Ọya, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti pàdé ilẹ̀ Tápà, ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì sùn sí.

Barter kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Olùtọ́jú ọgbà ni. Ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní ọgbà Regent's Park kí wọ́n tó yàn án ní ọdún 1857 láti bá Dókítà William Balfour Baikie gòkè Odò Ọya. Ṣáájú àkókò yìí, ibojì òyìnbó ni àwọn ará Yúróòpù ń pe ilẹ̀ yìí, nítorí ibà. Ní ọdún 1854 ni Baikie lo ẹ̀là kuinín fún àwọn tí ó bá a rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì kú. Èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rí kuinín yìí. Nípa bẹ́ẹ̀, ewéko kan ni ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ń wá ewéko mìíràn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ wọn, Dayspring, kọlu àpáta inú odò nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi pàgọ́ sí etí odò kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. John Glover, tí ó padà di gómìnà Èkó, gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Èkó láti wá ohun tí wọn yóò lò. Ohun tí ó jẹ́ àdánù fún àwọn yòókù di àǹfààní fún Barter, nítorí pé ó ráyè wo igbó àti ọ̀dàn ibẹ̀ ní àkókò òjò àti ní àkókò ẹ̀rùn. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. A ó já ẹ̀ka kan tòun ti ewé àti òdòdó, a ó tẹ́ ẹ sáàárín bébà, a ó sì gbé ẹrù lé e kí ó lè pẹlẹbẹ. Bí bébà náà bá ti rin, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èbu yóò bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ibi tí a ti rí i àti orúkọ ẹni tí ó já a.

Nínú ọkọ̀ kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther wà. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821 ni. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, ó sì ti mú un gbòòrò sí i ní ọdún 1852. Ọkọ̀ kan ni ó gbé àwọn méjèèjì: ọ̀kan ń kó ewé jọ, èkejì ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹni tí ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ mọ̀ pé ẹnu àwọn ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹni tí ó ń kó ewé jọ, ewé lè dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù láìmú orúkọ rẹ̀ dání.

Barter kú ní Rábà ní ọdún 1859. Gustav Mann, ọmọ Jámánì, ni wọ́n rán láti rọ́pò rẹ̀. Àwọn ewé tí Barter fi ránṣẹ́ ṣì wà ní Kew, wọ́n sì wúlò púpọ̀ fún Daniel Oliver nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ewéko Áfíríkà jáde ní ọdún 1868. Wọ́n sọ ìdílé igi kan ní Barteria ní ìrántí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn igi náà ni èèrùn ń gbé inú ẹ̀ka rẹ̀, tí wọ́n sì ń ta ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Ewé etí omi kan sì wà tí ń jẹ́ Anubias barteri, tí àwọn tí ń sin ẹja nínú dígí ń gbìn káàkiri ayé lónìí.

Ta ni ó mú Barter wọ igbó? Ta ni ó sọ fún un pé ewé báyìí ń wo inú rírun, pé tọ̀hún jẹ́ májèlé? Kò sí ewé kankan tí ń jẹ́ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti William Daniell, dókítà àwọn ọmọ ogun, tí ó kọ̀wé ní ọdún 1852 nípa èso ìyanu kan tí ń sọ ohun kíkan di dídùn. Àgbáyun ni èso náà. Kì í ṣe ìyanu fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ti fún un jẹ rí kí ó tó mu ògì kíkan.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe òdodo. Orúkọ ewé kan lè yàtọ̀ láti Èkìtì sí Ẹ̀gbá, ewé méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ kan. Ewé gbígbẹ tí Barter fi pamọ́ kò yí padà. Òun ni a fi lè mọ èwo gan-an ni a ń sọ. Ohun tí ó burú ni kí ewé wà níbì kan, kí orúkọ rẹ̀ wà níbòmíràn. Dalziel gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1937. Gbilẹ̀ ṣe àkójọ orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá ní ọdún 1984. Pierre Verger sì tẹ Ewé jáde ní ọdún 1995, níbi tí orúkọ Yorùbá, orúkọ Látìnì àti ọfọ̀ ti jókòó pọ̀. Ọfọ̀ ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn: inú orúkọ ewé ni babaláwo ti ń fa àṣẹ rẹ̀ yọ. Bí orúkọ bá sọnù, ọfọ̀ di òfìfo.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó sọnù sójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ń pe igi kan ní Milicia excelsa, ṣùgbọ́n ìrókò ni àwọn oníṣòwò pákó ń pè é, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ tàbí Faransé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bouaké tàbí Botro ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu káfíńtà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ìrókò rí ẹni gbé e nítorí pé owó wà nídìí rẹ̀. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ tí kò ní ọjà, ẹnu òbí àti olùkọ́ nìkan ni wọ́n ní.