Ọ̀fẹ́ Kì í Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́.

Àwọn ìyá kan wà ní Agége níbí tí wọ́n ń ran àwọn ọmọ opó lọ́wọ́ láti lọ sílé ìwé. Ẹgbẹ́ kékeré ni, kò sí olówó kankan lẹ́yìn wọn. Ní 2022, ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Inú wọn dùn ṣìnkìn. Orúkọ àwọn ọmọ, iye tí wọ́n ti san lórí oníkálukú, orúkọ àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ.

Kò tó oṣù mẹ́fà tí ìkan fi kú. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ló jó páwà inú rẹ̀. Wọ́n ké sí mi. Ìwé mẹ́wàá lásán ni mo kà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé akọ̀ròyìn mọ gbogbo ayé. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì. Ọ̀fẹ́ ni yóò bá yín ṣe é."

Ẹ ò rí ẹnu mi! Mi ò tíì bi ọ̀rẹ́ mi kí n tó sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà dáadáa mọ̀ pé àdúgbò ilé gbígbé ni òpópónà Otigba tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1990 ni àwọn oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, títí tó fi di ọjà ńlá. Àwọn ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn níbẹ̀, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, iṣẹ́ ni wọ́n kọ́, bí télọ̀ àti mẹkáníìkì ṣe ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń san owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ra páàtì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ọ̀rẹ́ mi wá lẹ́ẹ̀kíní. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó fi owó ara rẹ̀ ra páwà. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta nínú òjò. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, kò gbé fóònù mọ́. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ìwọ lo ṣe oore, èmi ni mo ń san owó rẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ kejì, tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, kọ̀ tí kò tàn mọ́. Kò sẹ́ni tó ti kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn. Àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ ní àfi kí wọ́n rí ìṣirò kí wọ́n tó fi ti táàmù tuntun ránṣẹ́. Kò sí ìṣirò. Ọmọ méjì jókòó sílé fún odindi táàmù kan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1987 tó ń jẹ́ CompuMentor. Òun ló di TechSoup lónìí. Wọ́n ń wá àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà láti ran àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Microsoft ń gba ọ̀dọ̀ wọn ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ eléyìí o: bí nǹkan ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ọrẹ, TechSoup ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá gbà á, kí iṣẹ́ tiwọn náà má baà dúró.

Ṣé ohun tó ṣàjèjì sí wa nìyẹn? Kí ni àjọ tí ẹ ń dá lọ́jà? Mo padà lọ bẹ àwọn ìyá wa, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi náà. A wá ẹgbẹ́ kékeré mẹ́ta mìíràn kún wọn, láti Ọ̀gbà, Ìfàkọ̀ àti Orílé-Agége. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dá owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ mi tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń yípo ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé kan lóṣù: ó ń gbọn eruku, ó ń yẹ ẹ̀rọ wò, ó ń kó àkọsílẹ̀ sí ibi méjì. Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó páàtì lọ́tọ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo wa fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò lè gba Windows 11. Ẹ̀rọ tiwa wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ ṣáájú, ó sì ti gbé Linux, tí a kì í rà, sínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni Linux o, ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó àtúnṣe ọdún kan tì í. Ẹni tó ra máṣìnnì ìránṣọ fún ọmọ tó gba fíríìdọ̀mù, ó yẹ kó rántí abẹ́rẹ́ àti epo.

Àwọn ọmọ méjì yẹn ti padà sílé ìwé. Táàmù tí wọ́n pàdánù ni mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a padà fún wọn.

Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.