Ọwọ́ Tó Wẹ Ìyá Rẹ̀

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ìyá mi?"

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi fi kí mi nìyẹn láti Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, lálẹ́ ọjọ́ tí a sin Àlàájà, ìyá rẹ̀, ní Múṣín. Àrùn Kòrónà ti mú kí ìjọba ti pápákọ̀ òfurufú láti oṣù Kẹta, kò sí bí ó ṣe lè wálé. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin, àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣe ní àdúgbò sì ní kí n bá wọn da omi. Ibi tí ọmọ bíbí inú Àlàájà ì bá dúró sí ni mo dúró.

Ó bú mi, ó sunkún, ó tún bú mi. Ẹnu ń yún mi láti sọ pé èmi kọ́ ni mo ti pápákọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó pè. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìyá rẹ̀, ọ̀ràn náà nìyẹn, àlàyé kankan kò lè tún un ṣe. Mo ní, "Mò ń gbọ́ ẹ. Máa sọ ọ́, mi ò ní gé fóònù."

Ó le o. Alaalẹ́ ló ń pè. Àwọn kan ní kí n wá àgbà kan tí yóò là wá níjà, mo kọ̀. Onílàjà wà fún ẹni méjì tó ń jà; ọ̀rẹ́ mi kò bá mi jà, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ta ló tú irun orí rẹ̀?"

Mo ní èmi ni. Mo sọ fún un pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé apá ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, pé káfúrà wà nínú omi ìkẹyìn, pé a di irun náà ní ọ̀nà mẹ́ta sẹ́yìn orí kí a tó fi aṣọ funfun máàrún-ún di Àlàájà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò bú mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ yín ń bínú sí lórí ohun tí ẹ kò fa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó pàdánù kí ẹ tó gbèjà ara yín.